"Ajíǹde" kọ́, "àkúdàáyà" kọ́: ọ̀rọ̀ wo ló yẹ aràn tó jí nínú ilẹ̀ dídì Siberia?

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìròyìn sáyẹ́ǹsì fún rédíò béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ wa: kí ni ká pe ilẹ̀ tó dì gbagidi lápá àríwá ayé, kí ni ká pe àwọn ohun àtayébáyé tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀, àti ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló yẹ ká lò nígbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àbá tó ti wọlé ni "ilẹ̀ adìmáyọ́", "kòkòrò àkúdàáyà" àti "jíǹde". Mo fara mọ́ ìdajì èyí àkọ́kọ́, mo sì ta ko méjì tó kù tọkàntọkàn. Orí ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo fẹ́ dúró lé jù, torí ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti ń wọlé.

"Dì" dára. Lásìkò ọyẹ́, ìyá mi máa ń gbé ìgò epo pupa sínú oòrùn ní kùtùkùtù, torí epo á ti dì mọ́ ìgò lóru, kò ní í dà. Tó bá fi máa di ìyálẹ̀ta, ó ti yọ́. Dì àti yọ́ ti wà nílé ìdáná wa ká tó gbọ́ orúkọ Siberia. Ohun tí mò ń bá jà ni "má" tó wà láàárín wọn. Àwọn onímọ̀ kò sọ pé ilẹ̀ yìí kò ní í yọ́ láé. Òdiwọ̀n wọn ni pé kó wà ní òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọdún méjì léraléra, ó kéré tán. Ó sì ń yọ́ lọ́wọ́ báyìí, ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Tí a bá ní "adìmáyọ́ ti ń yọ́", à ń ta ko ara wa nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo dábàá "ilẹ̀ adìpẹ́": ó dì, ó sì pẹ́. Bó bá yọ́ lọ́la, orúkọ náà kò di irọ́.

Ó wá kan àkúdàáyà. Mo mọ ibi tó ti wá. Àwọn ìwé ìròyìn Òyìnbó ló ń pe àwọn fáírọ́ọ̀sì inú yìnyín ní orúkọ òkú tó ń rìn, ẹ̀gbọ́n wa sì wá èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àkúdàáyà ní ìtumọ̀ tirẹ̀, kò sì yẹ ká fi í ṣòfò. Ẹni tó kú nílùú kan ni, tí wọ́n sin ín, tó wá lọ ń gbé nílùú mìíràn, tó fẹ́ ìyàwó, tó bímọ, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ fi ṣalábàápàdé rẹ̀ lọ́jà, tó sì pòórá. Ikú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajíǹde: kò sẹ́ni tó ń jíǹde láìkọ́kọ́ kú. Ìbéèrè wa wá di ẹyọ kan: ṣé àwọn nǹkan yìí kú rí?

Ẹ jẹ́ ká mú aràn náà. Lẹ́bàá odò Kolyma ní Siberia, lápá àríwá Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ń pè ní Duvanny Yar, wọ́n rí ihò ikún kan nínú ilẹ̀ dídì, ó fi nǹkan bí 40 mítà jìn sí ojú ilẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ikún ni ká kọ, ká má kọ ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé orí igi, inú ihò ilẹ̀ ni ẹranko yìí ń gbé bíi ti ikún oko wa.) Ewéko inú ihò náà ni wọ́n fi díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, ó tó nǹkan bí 46,000 ọdún. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ náà yọ́ ní yàrá ìwádìí ní Rọ́ṣíà, aràn tín-ín-tìn-tín inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó jẹun, ó sì bímọ láìsí akọ, torí abo nìkan ni irú rẹ̀. Lọ́dún 2023 ni wọ́n fún un lórúkọ, Panagrolaimus kolymaensis. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ dán nǹkan wò: tí wọ́n bá jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú òtútù, ó máa ń ṣe irú ṣúgà kan, trehalose, tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ kí dídì má bà á jẹ́. Ẹ wo bó ṣe ń múra. Kí ikú tó dé bá a, ó ti wọlé, ó ti tìlẹ̀kùn. Rótífà, ẹranko inú omi tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i dáadáa, tí wọ́n rí lẹ́bàá odò Alazeya, ní Siberia bákan náà, tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2021, náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 24,000 ọdún, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ.

Irú èyí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Nílé ìyá mi àgbà, agbọ̀n kan wà lẹ́yìn ààrò tí wọ́n ń kó ìgbín sí. Lẹ́ẹ̀rùn, ìgbín á fà wọnú ìkarahun, á fi awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹnu rẹ̀. Tí o bá fi èékánná họ awọ náà, á máa dún bíi bébà gbígbẹ. O lè gbé e sétí títí, kò ní í mira. Àwa ọmọdé á ní ó ti kú, màmá á ní ká má dà á nù. Òjò àkọ́rọ̀ á wá rọ̀ lóru ọjọ́ kan. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ìgbín ti ń gun ara agbọ̀n, awọ funfun yẹn ti já sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo pé òkú jíǹde. Wọ́n á kàn ní "ìgbín ti jí", wọ́n á sì wá ewé fún un jẹ.

Àbá mi nìyí: ẹ jẹ́ ká pe ipò tí aràn yẹn wà nínú adìpẹ́ ní "oorun ìgbín", kí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì jẹ́ "tají". "Aràn tó wà lójú oorun ìgbín fún 46,000 ọdún ti tají." Ìyá arúgbó tó ń gbọ́ rédíò lóko á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní ọkàn ìgbín ṣì ń lù díẹ̀díẹ̀ lójú oorun, nígbà tó jẹ́ pé ohun gbogbo ló dúró nínú aràn yìí. Òótọ́ ni, gbólóhùn àlàyé kan sì tó fún ìyẹn. Ẹni tó dábàá "sọjí" sún mọ́ ọn jù mí lọ ní ti ìtumọ̀, torí ẹni tó dákú ló ń sọjí, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti gba "ìsọjí" mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú ìròyìn, ìpàdé àdúrà ni yóò kọ́kọ́ rò.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé ká má fi "tají" bo gbogbo nǹkan. Òdòdó Silene stenophylla tí wọ́n ròyìn lọ́dún 2012, tó ti wà nínú ihò ikún fún nǹkan bí 32,000 ọdún, kò tají. Wọ́n gé lára èso rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ nínú ìgò bí a ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ gbìn, ó sì hù, ó yọ òdòdó. "Hù" tó.

Fáírọ́ọ̀sì ńkọ́? Kò mí, kò jẹun, kò sùn. Lọ́dún 2014, Jean-Michel Claverie àti Chantal Abergel ní ilẹ̀ Faransé ròyìn Pithovirus, tó ti wà nínú adìpẹ́ fún nǹkan bí 30,000 ọdún. Lọ́dún 2023 ẹgbẹ́ wọn tún kéde mẹ́tàlá mìíràn, èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ 48,500 ọdún. Amíbà, ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-tín kan, ni gbogbo fáírọ́ọ̀sì yìí ń bá jà, àwọn onímọ̀ náà sì mọ̀ọ́mọ̀ yan irú èyí kó má baà ran ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé agbára àtiràn kò tíì kúrò lára àwọn fáírọ́ọ̀sì náà. Nítorí náà "ó ṣì ń ràn" ni ká sọ.

Fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn ọdún 1918 tún yàtọ̀. Lọ́dún 1951, ní Brevig Mission ní Alaska, onímọ̀ kan, Johan Hultin, hú òkú àwọn tí ọ̀fìnkìn náà pa, ó gbìyànjú kó gbin fáírọ́ọ̀sì náà, kò ràn mọ́. Ó padà lọ lọ́dún 1997. Ẹ̀dọ̀fóró tó mú bọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ka àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà, lọ́dún 2005 sì ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é tuntun ní Amẹ́ríkà. Àtúndá nìyẹn. Ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ wa fi ọwọ́ náà pamọ́.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé eré ọ̀rọ̀ là ń ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2016 ní Yamal, ní Siberia, ooru mú tó ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, anthrax, àrùn ẹran tó ń ran ènìyàn, sì pa rẹ́ńdíà (ẹran oníwo tí wọ́n ń sìn níbi òtútù) tó lé ní 2,000 lọ́wọ́ àwọn Nenets, darandaran ibẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún méjìlá kan kú. Bakitéríà anthrax máa ń ká ara rẹ̀ jọ sínú èèpo líle, á sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà rẹ̀, wọ́n sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró fún àwọn rẹ́ńdíà náà lọ́dún 2007. Àwa náà kò jìnnà sí i: lóṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kìlọ̀ fún wa nípa pọ̀nmọ́ nítorí anthrax, nígbà tó fi máa di oṣù keje wọ́n ti rí anthrax ní oko kan ní Suleja, níbi tí kò sí yìnyín kankan. Darandaran tó bá gbọ́ pé "àkúdàáyà" ni, ẹni tó mọ awo ni yóò lọ wá. Tó bá gbọ́ pé ohun tó sùn ló tají, yóò béèrè dókítà ẹran.

Òkú gidi sì wà nínú adìpẹ́: koríko, gbòǹgbò àti ẹran ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí kábọ́ọ̀nù inú wọn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ ayé. Tí ilẹ̀ bá yọ́, wọ́n á jẹrà, gáàsì wọn á gòkè lọ fi kún ooru. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù ju aràn lọ, "jẹrà" sì ti wà lẹ́nu wa, kò nílò àbá.

Ẹ̀yin ará Oǹdó àti Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ tí wọ́n ń pe awọ funfun ẹnu ìgbín nílé yín ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa tó wọ rédíò lọ́jọ́bọ̀.