Àwọn wo ló ti gbé inú ilé bàbá wa rí?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ ìtàn ilé alámọ̀ tí bàbá wa àgbà kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ kí ẹbí tó tún un ṣe. Owó òwò Gáná ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré láti gbà á tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Bí àwọn ẹbí wa láti Kùmásí ṣe kún inú ilé náà fọ́fọ́ nìyẹn. Ìyá àgbà kan lára wọn ṣì ń fi èdè Twi ka owó.

Lẹ́yìn wọn làwọn olùkọ́ tó háyà yàrá. Wọ́n kọ nǹkan sára ògiri yàrá ẹ̀yìn: gbèsè, ọjọ́ ìbí ọmọ, ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ rárá! Kí ni mo lè fi dáàbò bo àkọlé náà?

Ibo ni kí n ti wá orúkọ àwọn tó ti gbé ilé náà: ìwé ìrìbọmi ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó ti wà nílùú láti 1855, àbí ibi ìkówèépamọ́ ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn? Báwo ni mo sì ṣe máa bi àwọn àgbà tí wọn ò fi ní rò pé ọ̀rọ̀ ogún ni mo ń dá sílẹ̀?