"Àjọkọ", "àkọpọ̀", àbí "àjọlé"? Lórí àwo tí olórin kan bá àlejò kọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìbéèrè tí àbúrò wa gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá rọrùn létí, kò rọrùn lẹ́nu. Ó ní òun ń túmọ̀ àyọkà kan nípa ìlúmọ̀ọ́ká olórin tó ṣe odidi àwo orin, tó jẹ́ pé àlejò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá a kọ orin kọ̀ọ̀kan. Kí ni ká máa pe irú àwo bẹ́ẹ̀? Ẹnìkan ní "orin ẹlẹ́nu méjì". Bọ̀dá wa kan ní "àjọkọ". Àǹtí wa ní Bódìjà ní "àkọpọ̀". Ẹnìkan sì bínú pé ká kúkú kọ "dúẹ́ẹ̀tì" tí òyìnbó ń pè é (duet) sílẹ̀, ká sinmi.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé "ẹlẹ́nu méjì" kúrò ńlẹ̀. Ẹlẹ́nu méjì ni ẹni tó sọ̀rọ̀ níbí, tó tún lọ sọ òdìkejì rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá kọ ọ́ sára àwo tí olólùfẹ́ méjì jọ ṣe, ẹ ti tú wọn ká.

"Àkọpọ̀" dára, àmọ́ ó bá "àkópọ̀" fara kínra jù. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣa orin àtijọ́ jọ sínú àwo kan, àkópọ̀ nìyẹn. Àmì ohùn kan àti àmì abẹ́ lẹ́tà kan péré ló là wọ́n láàárín, ẹ sì mọ ojú tí àwa Yorùbá fi ń wo àmì ohùn tá a bá ti di fóònù mú.

"Àjọkọ" ni ọ̀pọ̀ yín fara mọ́. Èmi náà fẹ́ gbà á, kó tó di pé nǹkan méjì dá mi dúró. Èkíní kéré: "kọ" tá a fi ń kọrin náà la fi ń kọ̀wé. Bí ẹnìkan bá bi yín pé "Ta ló kọ orin yìí?", ẹ ò lè mọ̀ bóyá ẹni tó ronú rẹ̀ sílẹ̀ ló ń bèèrè ni tàbí ẹni tó fi ẹnu gbé e jáde. Bí èèyàn méjì bá jókòó ro orin kan, tí ọ̀kan ṣoṣo wá kọ ọ́, ṣé àjọkọ kọ́ nìyẹn náà?

Èkejì ló gbé mi lọ́kàn. Nínú orin wa, ta ló ń dá kọrin? Ẹ gbé àpàlà, ẹ gbé sákárà, ẹ gbé fújì, ẹ gbé àwúrèbe tí Dáúdà Epo Àkàrà fi dá Ìbàdàn níí lára yá. Ẹnìkan ń lé, àwọn tó kù ń gbè. Láyé Epo Àkàrà, òun àtàwọn elégbè rẹ̀ ló ń jọ kọ gbogbo orin wọn. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé ohun tí àbúrò wa ń bèèrè nìyẹn. Pé ẹnu ju ẹyọ kan lọ nínú orin kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa rárá. Ohun tó jẹ́ tuntun nínú irú àwo yìí ni pé èèyàn méjì pín lílé. Ọ̀kan lé, èkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó lé tiẹ̀, kò sì sí èyí tó jẹ́ elégbè èkejì. Nígbà tí Sunny Adé àti Onyeka Onwenu kọrin ìfètòsọ́mọbíbí ọjọ́sí, ṣé ẹ lè pe ìyá yẹn ní elégbè?

Èmi kọ́ ni mo ronú kan ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dá lábàá. Mo bá ọmọkùnrin kan tó máa ń fi orin sínú fóònù fún mi ní Agbówó sọ̀rọ̀, mo bi í pé bí olórin méjì bá wà nínú orin kan, kí ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Bàbá, fíṣọ̀ ni," ìyẹn "feature" òyìnbó. Mo ní bí àlejò yẹn ò bá wá sọ gbólóhùn méjì kó lọ ńkọ́, tó jẹ́ pé wọ́n pín orin náà dọ́gbadọ́gba? Ó ronú díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti gbè rí nínú ẹgbẹ́ fújì kan. Ó ní, "Ìyẹn kì í se fíṣọ̀ mọ́ sá. Wọ́n jọ lé e ni."

Wọ́n jọ lé e. Àjọlé. Orin àjọlé, àwo àjọlé.

Fún ẹni tó ní ká kọ "dúẹ́ẹ̀tì": mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà, rédíò àti fóònù ń ṣiṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé Rediffusion, rédíò orí wáyà, wọ Ìbàdàn ní 1939, tí wọ́n ń kan àpótí rẹ̀ mọ́ ara ògiri, àwọn àgbà ò bèèrè ìtumọ̀ orúkọ òyìnbó rẹ̀. Wọ́n wo ohun tó ń ṣe fún èèyàn: á máa sọ tiẹ̀, kò ní gbọ́ tìẹ. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Títí dòní, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé èdè-ìperí kankan, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó kọ wọ́n.

Bọ̀dá wa tún gbé àtakò kan dìde tó yẹ ká dúró tì. Ó ní "jọ" ò bá gbogbo irú àwo yìí mu, torí pé nínú àwọn míì, olórin àti àlejò ò tilẹ̀ fojú kanra. Òótọ́ ni. Nínú àwo tí Frank Sinatra, olórin ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1993, òun kọ tiẹ̀ ní sítúdíò ní Los Angeles, àwọn àlejò sì kọ tiwọn lọ́tọ̀, àwọn míì láti ìlú míì tí wọ́n gba orí wáyà fi ohùn ránṣẹ́. Phil Ramone tó darí iṣẹ́ àwo náà ló wá so wọ́n pọ̀. Ti Tony Bennett, olórin ará Amẹ́ríkà mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fẹ́ kí àlejò dúró ti òun. Ní oṣù kẹta 2011, òun àti Amy Winehouse, olórin ará England, jọ wà ní sítúdíò Abbey Road ní London. Oṣù keje ọdún náà ni ọmọbìnrin yẹn kú, àwo náà sì jáde ní oṣù kẹsàn-án.

Ṣé Bennett nìkan ló wá ṣe àjọlé? Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lo "jọ". Bí mo bá jẹun n'Íbàdàn, tẹ́ ẹ jẹun l'Ékòó, a ò lè sọ pé a jọ jẹun. Àmọ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì bá kọ orí ìwé kan náà, ọ̀kan n'Íbàdàn, ọ̀kan n'Ífẹ̀, wọ́n jọ kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò. Ibi tí iṣẹ́ bá ti di ẹyọ kan ní ìgbẹ̀yìn, "jọ" fẹsẹ̀ múlẹ̀. Orin Sinatra di ẹyọ kan létí wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn lè sọ pé àdàpọ̀ ohùn ni, bí ẹni da omi pọ̀.

Ẹnìkan tún ní ká fi "onílé" àti "àlejò" kún orúkọ náà, ká lè mọ ẹni tó ni àwo. Mi ò fẹ́. Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, irú àwo yìí náà ò kúkú gbe é: ọ̀pọ̀ ìgbà, àlejò la máa ń rántí.

Àléébù tí mo rí sí "àjọlé" ni pé ó lè dún bíi pé a jọ lé olè. Ìyàwó mi náà gbọ́ tí mò ń pè é lórí fóònù, ó ní àjọ ilé wo ni mo tún fẹ́ dá láìsọ fún òun. Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó gbà pé kò sówó nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó jẹ́ ká gbọ́. Kó ṣáà fi àmì ohùn sí i kó tó fi ránṣẹ́. "Ajoko" tó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á sí "ajókòó".