Lábù ní kò sí, dókítà ní ó wà: ṣé ká dá abẹ́rẹ́ dúró?

Ìyá Ṣèyí: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ń ṣe alápatà ní odò ẹran Láfẹ́ńwá, Abẹ́òkúta. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ara rẹ̀ gbóná. A lo oògùn ibà, a lo ti taífọ́ọ̀dù, pàbó. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ẹ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀. Dókítà bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, ló bá ní leptospira, kòkòrò inú ìtọ̀ eku. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò IgM lọ́jọ́ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ceftriaxone tó ń pa kòkòrò. Èsì dé: kò sí! Lónìí Ìṣẹ́gun, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróǹbó, dókítà sì ní ká tún àyẹ̀wò ṣe. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní wọ́n ń jẹ wá lówó, ká dá abẹ́rẹ́ dúró.

Ará Lábù: Ẹ má dá a dúró o! Ẹ ka ọjọ́: Ajé sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 péré. IgM kì í wá kòkòrò, ọmọ ogun tí ara rán sí i ló ń wá, ìyẹn sì máa ń tó ọjọ́ 5 sí 7 kó tó jáde. Lọ́jọ́ kẹrin, inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò ṣì wà, PCR, àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá kòkòrò fúnra rẹ̀, ni ì bá rí i. Ẹ tún IgM ṣe. Ẹ sọ fún lábù kí wọ́n má da ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ nù. Wọ́n á fi wé òmíràn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i nínú àyẹ̀wò MAT, tó ń wọn bí ọmọ ogun ara ṣe pọ̀ tó. Bí ti ẹ̀ẹ̀kejì bá fi ìlọ́po 4 ga ju ti àkọ́kọ́, ó ti dájú. Lábù tó ń ṣe MAT kò pọ̀, torí wọ́n ní láti máa tọ́jú kòkòrò náà láàyè. Ti gbígbin kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní lábù kó lè hù, ẹ gbàgbé ẹ̀: ó lè gba oṣù 3, aláìsàn á ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá Àgbà: Ibà pọ́njú ni. Ẹ wá àgbo fún un.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Abà: Bàbá, ẹ dákun, kíndìnrín là ń ṣọ́ báyìí. Ìyá Ṣèyí, ṣé ó ń tọ̀? Ẹ bèèrè creatinine (tó ń fi iṣẹ́ kíndìnrín hàn), bilirubin (tó ń mú ẹyinjú pọ́n bí òróǹbó) àti platelet (tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì). Nínú àìsàn yìí, bilirubin lè fò sókè gan-an kí ALT (tó ń fi ìpalára ẹ̀dọ̀ hàn) má sì ga púpọ̀. Ti hepatitis (ẹ̀dọ̀ wíwú) kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ẹran: Kì í ṣe eku nìkan o, ìtọ̀ màlúù náà ń gbé e. Ṣé ó lọ́gbẹ́ lọ́wọ́ tí kòkòrò lè gbà wọlé?

Ìyá Ṣèyí: Ọ̀bẹ bù ú ní ìka ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara rẹ̀ tó gbóná. A ò tiẹ̀ rántí sọ fún dókítà! Mo ti pe lábù, ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà nínú fíríìjì wọn. Abẹ́rẹ́ ń lọ. Ó tọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, kò ju ìdajì ife lọ, ó dúdú bíi tíì. Mo ń lọ sọ fún nọ́ọ̀sì báyìí.