Ọkọ̀ wà l'Ékòó, èmi wà ní Adó, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sanwó sílẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ kan, Adó-Èkìtì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó di ọjọ́ Sátidé.

Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa ti fún mi ní owó tí mo béèrè. Ọdún méjì ni màá fi san án padà, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi méjì ló ṣe onídùúró fún mi. Mọ́tò ni mo fẹ́ fi rà. Ilé ìwé tí wọ́n gbé mi lọ ní sáà yìí jìnnà, ọ̀kadà méjì ni mò ń gùn kí n tó débẹ̀, òjò sì ti ń rọ̀.

Mo rí Toyota Corolla kan lórí Facebook, tòkunbọ̀, wọ́n ní ti 2010 ni, aláwọ̀ eérú, inú ẹ̀ mọ́ tónítóní. ₦5,200,000 ni ọkùnrin tó fẹ́ tà á pè é. Níbí, kò sẹ́ni tó pe irú ẹ̀ fún mi tí kò ju mílíọ̀nù méje lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n wá wò ó tí a bá gba ọlidé. Ó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e ní Sátidé, àmọ́ tí mo bá fi ₦1,500,000 ránṣẹ́, òun á gbé e pamọ́ dè mí, dírẹ́bà òun á sì wà á wá bá mi ní Adó kí n wá san ìyókù.

Ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí, "màmá mi" ló ń pè mí. Ó fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ àti fọ́tò ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ obìnrin ló wà lórí àkáǹtì tó fún mi, ó ní ìyàwó òun ni. Baálé mi ń ṣiṣẹ́ ní Kánò, òun náà ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Báwo ni mo ṣe lè san owó yìí tí ọkàn mi á balẹ̀?

Ìyá kan, Òṣogbo
Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe èmi náà nìyẹn ní 2022. Sienna ni mo fẹ́ rà fún ọjà mi. Mo san ₦650,000 sílẹ̀, wọ́n ní dírẹ́bà ti gbéra. Láago mẹ́wàá ó pè mí pé òun ti kọjá Ṣágámù, mo tiẹ̀ ń gbọ́ ariwo ọ̀nà lẹ́yìn ẹ̀. Láago méjìlá ó ní ọlọ́pàá dá òun dúró n'Íbàdàn, ìwé kan kù, ₦85,000. Mo san án. Láago méjì, ₦40,000 míì. Mo san ìyẹn náà, torí ẹni tó ti san 650 á máa rò pé òun ò lè jẹ́ kí 40 ba nǹkan jẹ́.

Mo ti se ìrẹsì sílẹ̀ de dírẹ́bà yẹn. Mo bù ú sínú kúlà kó má baà tutù. Nígbà tó di aago mẹ́wàá alẹ́ tí fóònù ò lọ mọ́, mo ṣí kúlà náà, ìrẹsì ṣì gbóná. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Kò sí mọ́tò kankan tó gbéra níbì kankan.

Oníbáńkì tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta
Ìyá Òṣogbo, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà.

Àbúrò mi l'Ádó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó ṣe ń rìn. Owó tí ẹ bá fi fóònù rán láti báńkì kan sí òmíràn lónìí, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti débẹ̀. Kò dà bíi ṣẹ́ẹ̀kì ayé àtijọ́ tó ń sun báńkì fún ọjọ́ mélòó kan, tí èèyàn fi lè sáré lọ dá a dúró. Tó bá ti wọlé fún ẹni yẹn, báńkì yín ò lè kàn nawọ́ mú un padà. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n ké sí báńkì kejì pé kí wọ́n di owó náà mú, ìyẹn tó bá ṣì wà níbẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ mọ èyí, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá ti kó sí wọn lọ́wọ́, kó pe báńkì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó tó pe ẹnikẹ́ni, kó tó pe ọkọ tàbí pásítọ̀.

Àkáǹtì ìyàwó yẹn ni mi ò fẹ́ gbọ́ rárá. Ẹni tó ní òun ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, kó mú àkáǹtì ilé iṣẹ́ wá. Orúkọ tí fóònù bá gbé wá tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá àkáǹtì náà, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kì í gbowó fún wíwá orúkọ. Orúkọ yẹn kan náà ni kó wà lórí rìsíìtì.

Bí èmi ṣe máa san án nìyí: màá ní kí báńkì kọ dráàfù, bébà owó tí báńkì fúnra ẹ̀ dúró fún, ní orúkọ ẹni tó ń tà á. Owó yín ò tó mílíọ̀nù mẹ́wàá tí CBN fi dé ṣẹ́ẹ̀kì lórí láti 2010, ìṣòro ò sí níbẹ̀. Owó á ti kúrò ní àkáǹtì yín, àmọ́ bébà náà á ṣì wà nínú báàgì yín. Ẹni tó ń tà á á pe ẹ̀ka tó kọ ọ́, wọ́n á sọ fún un pé òótọ́ ni. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ àti ìwé, kí ẹ tó fún un ní bébà. Tí kò bá fẹ́ dráàfù, ẹ jọ lọ sí báńkì lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹ san án níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe Sátidé, kì í ṣe alẹ́.

Mẹkáníkì kan, Ìbàdàn
Màmá, ọ̀gá ti sọ ti owó, èmi á sọ ti iṣẹ́ mi. Ọkọ̀ tí àgbàrá ti bò lókè òkun, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tí wọ́n pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ńṣe ló ń dán nínú fọ́tò. Ẹni tí ẹ bá rán lọ, kó fa bẹ́líìtì ìjókòó iwájú jáde títí tí kò fi ní fà mọ́, kó wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Wọn kì í sábà rántí fọ ibẹ̀. Mo fa ọ̀kan fún oníbàárà mi kan lọ́dún tó kọjá, ó mọ́ dé ìdajì, ìdajì tó kù wá rí bí aṣọ tí wọ́n fà yọ nínú ẹrẹ̀, iyanrìn kéékèèké ń dà sí mi lọ́wọ́. Kó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó pẹ̀lú, kó wo irin tó fi ń sún síwá sẹ́yìn. Tó bá ti dípẹtà, ẹ fi í sílẹ̀.

Kó tètè débẹ̀ láàárọ̀, kó fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tan iná. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án sílẹ̀ kó tó dé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni àìsàn ẹ̀ máa ń hàn. Èéfín tó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jẹ. Kó fi skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ẹ́ńjìnnì, yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tó ń dun èmi nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn kan nínú wa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀ láti sọ pé ó dáa. Ẹ má lo mẹkáníkì tí ẹni yẹn bá júwe. Ẹ mú tiyín, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ ẹ̀ fún un, ẹ rà á o, ẹ ò rà á o. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá rà á nìkan ló máa jẹun, ṣé á wá sọ pé kò dáa?

Ọmọ Yorùbá kan, Houston
Ẹ ní kó ya fọ́tò nọ́ńbà ṣáásí, èyí tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú, àti èyí tó wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kó sì bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo ẹ̀, nọ́ńbà àti lẹ́tà. Kì í ní I, O tàbí Q. Ti ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín wò ó níhìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó ń ta ọkọ̀, Èkó
Ẹ̀yin ará, ẹ má rò pé olè ni gbogbo wa. Ẹ̀rù ń ba àwa náà, àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti gbé ọkọ̀ lọ mọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lọ́wọ́. Àmọ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀ kí oníbàárà tó fojú rí ọkọ̀? Rárá o. Tí mẹkáníkì oníbàárà mi bá ti wò ó tán, ₦100,000 ni mo ń gbà láti bá a tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń kọ nọ́ńbà ṣáásí, iye owó àti ọjọ́ sórí rìsíìtì, mo sì ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ìwé bá ní àbùkù, màá dá owó padà.

Màmá, ẹ ní kó pè yín ní fídíò báyìí báyìí. Kó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí bébà, kó fi lé dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ṣáásí. Ẹni tí ọkọ̀ wà níwájú ẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ni.

Kí ẹ sì bi í pé ibo ló gbà wọlé. Tó bá ní Kútọnù ni, ẹ yẹra. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, owó yín á sì bá a lọ.

Ọmọ ilé ìwé gíga kan, Ifẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà rí àwọn kan tí wọ́n ní ọkọ̀ tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé ni àwọn ń tà ní ₦900,000. Ṣé ìyẹn dáa?

Ẹni tó ń ta ọkọ̀, Èkó
Jìbìtì ni, àbúrò. Láti 2017 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń ṣe gbàǹjo tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà owó orí kó o tó wọlé, àpò ìjọba sì ni owó ń lọ. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kankan ò ní fún ẹ ní àkáǹtì ara ẹ̀.

Olùkọ́ kan, Adó-Èkìtì
Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ní kó pè mí ní fídíò, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo ní kó ya fọ́tò nọ́ńbà ṣáásí, títẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Mo ti fi sí ínbọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n wa ní Houston.

Ọmọ Yorùbá kan, Houston
Mo ti rí i. Nọ́ńbà tòótọ́ ni, 2 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé Kánádà ni wọ́n ti tò ó. Àmọ́ 9 ló wà ní ipò kẹwàá, ti 2009 ni. Wọ́n ti tà á ní gbàǹjo níbí, fọ́tò ẹ̀ wà níbẹ̀: iwájú ẹ̀ ti wó wọnú, airbag méjèèjì ti tú jáde. Èyí tó wá burú jù ni pé Corolla pupa ni. Aláwọ̀ eérú tó fi hàn yín, mi ò mọ ibi tó ti mú fọ́tò ẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá tún rí, ẹ jẹ́ kí n wò ó. Corolla 2009 àti 2010 wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà nítorí airbag tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà ṣáásí sí ojú ewé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, wọ́n á sọ bóyá ó ṣì ku èyí tí wọn ò tíì tún ṣe.

Olùkọ́ kan, Adó-Èkìtì
Ara mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kà á. Àárọ̀ ọ̀la ni mo ti fẹ́ fi owó yẹn ránṣẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ọkùnrin náà pé àbúrò ọkọ mi ní Ìkòròdú máa wá wo ọkọ̀ náà, kò pè mí ní màmá mọ́. Ó ní mo ti fi àkókò òun ṣòfò, ó sì pa mí rẹ́ lórí WhatsApp.

Olùkọ́ kan, Adó-Èkìtì (ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà)
Ẹ kú ilé o. Àbúrò ọkọ mi mú mẹkáníkì tiwa lọ wo Corolla mẹ́ta lánàá. Ó fa bẹ́líìtì ti àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ti kejì, wọn ò rí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mú jáde. Ẹ̀kẹta ni mẹkáníkì fọwọ́ sí, 2009 ni, nọ́ńbà ẹ̀ bára mu níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Houston sì ti wò ó, wọ́n ti tún airbag ẹ̀ ṣe. ₦6,800,000 ni wọ́n gbà. Màá fi èsúsú mi kún owó alájẹsẹ́kù. Mo ti rí orúkọ ilé iṣẹ́ náà ní CAC, ₦50,000 péré ni mo san sílẹ̀, rìsíìtì ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi.

Mo gba àyè ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé wa. Lọ́la tó jẹ́ Mọ́ńdè, màá lọ gba dráàfù ní báńkì, màá sì sùn n'Íkòròdú. Láàárọ̀ Túsìdeè la máa lọ gbé e. Ìyá Òṣogbo, ẹ fi nọ́ńbà yín sí ínbọ́ọ̀sì mi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pè tí mo bá ti jókòó sínú ẹ̀.