Oníbodè ni, kì í ṣe ìrékọjá: lórí orúkọ àkọsílẹ̀ ìwọlé-jáde

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe ọ̀rọ̀ nípa arìnrìn-àjò tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà lẹ́nu ibodè, tí wọ́n sì ń kó pamọ́. Àwọn fúnra wọn dábàá "ìpamọ́ dátà ìrékọjá ààlà". Iṣẹ́ tó yẹ ni wọ́n dáwọ́ lé, torí àwọn òbí wa tó ń lọ kí ọmọ ní Houston àti Atlanta ń tẹ̀ka láìmọ ibi tí ìka náà ń lọ. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fara mọ́.

Ìrékọjá ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Nínú Bíbélì Yorùbá, yàtọ̀ sí àjọ àwọn Júù, ìrékọjá ni ẹ̀ṣẹ̀ tí Dáfídì ń bẹ Ọlọ́run pé kó nù kúrò nínú Sáàmù 51. Ẹni tó bá rékọjá ààlà ti ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ìyá àgbà tó gba físà, tó san owó bàálù, tó tò sórí ìlà, kò rékọjá ohunkóhun. Ó wọlé ni. Bí a bá fi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ pe ìrìn tó bófin mu, a ti dá ìyá náà lẹ́bi kó tó dé iwájú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ààlà pẹ̀lú kò bá a mu. Ààlà ni ibi tí ilẹ̀ tèmi parí sí, tí tìrẹ bẹ̀rẹ̀. Ààlà wo lèèyàn ń gbà kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú Atlanta, tó jìn wọnú ilẹ̀? Ní Dublin pàápàá, nílẹ̀ Ireland, àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà máa ń yẹ èrò wò kí wọ́n tó wọ bàálù. Ààlà Amẹ́ríkà kò sí ní Dublin, àmọ́ bodè rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti lè dá ọ dúró bi ọ́ pé "níbo lò ń lọ?", bodè nìyẹn.

N kò ní pẹ́ lórí dátà. Lẹ́nu ọmọ Nàìjíríà lónìí, ohun tí à ń rà sórí fóònù ni dátà. Àkọsílẹ̀ tó wa. Ẹnìkan ní àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka kì í ṣe ohun tí a kọ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní àmì ara, ká sì kà á mọ́ àkọsílẹ̀.

Ó ku ìpamọ́. Àwọn kan ní ká yọ ọ́ nítorí pé ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ lè jẹ́ pé ńṣe ló gbé e sin, wọ́n ní kí á fi ìtọ́jú rọ́pò. Èmi ní kó dúró. Títí di 2013, àlejò tó bá bàálù wọ Amẹ́ríkà máa ń rí bébà funfun gbà sínú páálí rẹ̀, ó sì lè ka ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó yẹ kó jáde níbẹ̀. Bébà yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ìjọba ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí, kò sí lójú ẹni tó ni ín mọ́. Ìtọ́jú sì jẹ́ ohun tí à ń ṣe fún ẹni tí a fẹ́ kó sàn. Lọ́dún 2019, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì jí àwòrán arìnrìn-àjò tó tó 184,000 lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kan tó ń bá iléeṣẹ́ ẹnubodè Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. N kò lè pe ìyẹn ní ìtọ́jú.

Ohun tí gbogbo àbá tí mo ti kà níbí fò dá ni iye ọdún. Nínú ìkéde tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2008, ọdún 15 ni wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ ọmọ onílẹ̀ àti ti onígíríìn káàdì pamọ́. Ti àlejò tó gba físà wọlé, ọdún 75 ni. Ìyá tó lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ìkókó lọ́dún yìí, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀ nígbà tí ìkókó yẹn bá ti di arúgbó. Láti 26 oṣù Kejìlá 2025 ni òfin tuntun sì ti ní kí wọ́n máa ya àwòrán ojú gbogbo àlejò, ìwọlé àti ìjáde. Ti ọmọ onílẹ̀, wọ́n á pa á rẹ́ láàárín wákàtí 12. Nítorí náà, mo dábàá "ọdún ìpamọ́", kí ògbifọ̀ lè béèrè ní tààrà pé: ọdún ìpamọ́ tèmi ńkọ́? Ní Yúróòpù, nínú ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2025, ọdún mẹ́ta ni lẹ́yìn ìjáde, márùn-ún bí wọn kò bá rí àkọsílẹ̀ pé onítọ̀hún jáde.

Fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, "àkọsílẹ̀ oníbodè" ni mo mú wá. Oníbodè ayé àtijọ́ ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, ó sì ń mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Nínú ìtàn àyànmọ́, oníbodè ọ̀run lèèyàn ń ro ohun tó ń bọ̀ wá ṣe láyé fún kó tó kọjá. Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀ tó ń gbọ́. Orúkọ yìí sọ ẹni tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ìpamọ́ dátà" kò sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kọ́sítọ́ọ̀mù ni oníbodè. Ní Sẹ̀mẹ̀, òótọ́ ni pé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́tọ̀, imigiréṣọ̀n lọ́tọ̀, níbẹ̀ "àkọsílẹ̀ ìwọlé-jáde" ló máa yé èèyàn jù. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, láti 2003 ni wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ sábẹ́ iléeṣẹ́ kan.

Ohun tí n kò tíì rí orúkọ fún ni kí èèyàn fúnra rẹ̀ lọ béèrè àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wò. Òfin gbà á láyè, àlejò sì lè wo ìwọlé-jáde tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ògbifọ̀ nílé ẹjọ́ lọ́hùn-ún, kí lẹ ń pè é fáwọn tí ẹ ń gbẹnu sọ fún?