Èsì: "eré ìje" fún race condition? Mi ò gbà o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò o. Lórí orúkọ Yorùbá tá à ń wá fún ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ kóòdù ni o. Ẹni tó ní ká máa pe race condition, ìyẹn àṣìṣe tó ń wáyé tí iṣẹ́ méjì nínú kóòdù bá jọ ń fọwọ́ kan nǹkan kan náà, ní "eré ìje", ẹ má bínú, mi ò gbà. Mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí fún ọmọ kan tá a jọ ń kọ kóòdù ní Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ló bá ní ká lọ ra kọ̀ǹpútà tó yára ju èyí lọ! Ó rò pé eré ni ò tó.

Thread, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí app kan ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti di fọ́nrán ní tiwa, mo mọ̀ pé àwọn oníròyìn ti gbà á fún fídíò, kò pa wá lára. Ẹ wá wò ó: app oní-POS là ń kọ, ₦5,000 wà nínú àkáǹtì, fọ́nrán kan kà á kó lè fi 2,000 kún un, èkejì náà ti ka 5,000 yẹn kí èkíní tó kọ tiẹ̀ sílẹ̀, òun fẹ́ yọ 1,000, èkíní kọ 7,000, èkejì kọ 4,000 lé e lórí, 2,000 ọlọ́jà wọmi nìyẹn. Tá a bá dán an wò lórí kọ̀ǹpútà wa, kò ní ṣẹlẹ̀ o, àfi nírọ̀lẹ́ tí èrò bá pọ̀ ní Tákíè nílùú wa níbí. "Ta-ló-kọ́kọ́-dé" lèmi ń pè é, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọmọ yẹn gbọ́ ọ tó fi lọ ti ibẹ̀ pa nínú kóòdù, kí fọ́nrán méjì má bàa wọ ibẹ̀ pọ̀.

Deadlock, ìyẹn kí fọ́nrán méjì máa retí ohun tó wà lọ́wọ́ ara wọn láìlópin, ló ń dùn mí jù. "Fà-á-kí-n-fà-á" tí ẹ kọ fún un ò bá a mu, kò sẹ́ni tó ń fa nǹkan kan níbẹ̀, ńṣe ni kálukú dákẹ́. Ẹ wo kànga ilé tí mò ń gbé, okùn kan, korobá kan. Ìyá oníṣu mú okùn, ó ń retí korobá, bàbá télọ̀ gbá korobá mú, ó ń retí okùn, ilẹ̀ ṣú, kò sómi. Ìṣòro tí Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Netherlands, gbé kalẹ̀ ní 1965 nìyí, àwọn ìwé wá sọ ọ́ di ọ̀mọ̀ràn 5 pẹ̀lú fọ́ọ̀kì 5, tí kálukú nílò fọ́ọ̀kì méjì kó tó lè jẹun, ta ló ń fi fọ́ọ̀kì jẹ àmàlà níbí? "Ìdúródera" ni mo mú wá. Àbáyọ ẹ̀ náà ò le: ẹni tó bá fẹ́ fami, okùn ni kó kọ́kọ́ mú, tí ò bá tíì rí okùn kó má fọwọ́ kan korobá. Ohun tá a kọ sára ògiri ọ́fíìsì nìyẹn, òun la sì máa ń kọ́kọ́ wò tá a bá ń yẹ kóòdù ara wa wò.

Ó ku mutex, ohun tó ń ti ibì kan pa nínú kóòdù kí fọ́nrán kan ṣoṣo lè wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àgádágodo àbí kọ́kọ́rọ́? Ẹ sọ tẹnu yín.