Àbọ̀ lórí ẹ̀rọ awárin tó ń wọ omi: èyí tí mo rà, àti bó ṣe rí

Mo béèrè lọ́wọ́ yín pé nínú ẹ̀rọ méjì tó ń wá irin nínú ilẹ̀, Nokta Simplex Ultra àti Nokta Legend, èwo ni kí n rà fún etí òkun Kent níbí ní England. Legend ni mo rà. Ẹni tó ní kí n má wo jíjìn omi nìkan ló là mí lójú. Lóòótọ́, Simplex Ultra ń wọ omi dé mítà 5, Legend kò ju 3 lọ, ṣùgbọ́n frequency kan ṣoṣo (bí àmì tí ẹ̀rọ ń rán jáde ṣe ń yára gbọ̀n sí), 15 kHz, ni Simplex ń lò. Omi iyọ̀ ń gbé iná, nítorí náà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa pariwo lórí iyanrìn tútù. Legend ń lo frequency púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo yí i sí ti etí òkun, ó dákẹ́ rọ́rọ́, owó ẹyọ inú iyanrìn sì ń dún ketekete. Inú mi dùn gan-an.

Ìmọ̀ràn yín pé kí n dín sensitivity (bí ẹ̀rọ ṣe ń tètè gbọ́ nǹkan) kù ṣiṣẹ́ díẹ̀. Níbi tí ìgbì ti ń fọ́, ariwo dínkù, kò tán. Ìgbà tí mo tún ground balance (ètò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ka ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sí irin) ṣe níbẹ̀ gan-an ló tó fara rọ.

Èyí tó kù ni earpiece. Ti Bluetooth kì í gbọ́ nǹkan kan bí ẹ̀rọ bá ti rì sómi. Mo ṣì ń wá oníwáyà tí omi kò lè bà jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England náà, bí ẹ bá rí ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tàbí fàdákà tó ti lé ní ọdún 300, ẹ fi tó coroner (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ikú àti ìṣúra tí wọ́n bá rí) létí láàárín ọjọ́ 14. Òfin ìṣúra, Treasure Act 1996, ló pa á láṣẹ. Ẹ ṣeun gan-an.